Ìgbà Tí Fiadh Nìkan Gbé Fóònù

Nuala, ọmọ mi àtàtà,

Ọlọ́run àti Màríà á máa bá ọ gbé ní Dublin níbẹ̀, wọ́n á sì máa bá Declan ọkọ rẹ gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kì í bẹ̀ wọ́n wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ara wa le. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ yẹ ìgèrè akàn rẹ̀ wò mọ́ àfi tí òkun bá dákẹ́, òkun náà kò sì tíì dákẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ lẹ́yìn Kérésìmesì. Ìjì gbé òrùlé ilé adìyẹ, ó lọ gbé e sórí ilẹ̀ Sonaí tó múlé gbè wá. Sonaí ní òun rò pé a fi ta òun lọ́rẹ ni, ṣùgbọ́n òun á dá a padà bí a bá fún òun ní tíì. Ó mu tíì náà títí ilẹ̀ fi ṣú, bàbá rẹ ní òrùlé tuntun ì bá dínwó jù ú lọ.

Báńkì ìlú ti kógbá sílé o. Ẹ̀rọ ara ògiri nìkan ló kù, mo sì ti ń sá fún un, torí mi ò lè bá ẹni tí mi ò rójú rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó. Lọ́jọ́ Ẹtì mo ki ara mi láyà, mo dúró níwájú rẹ̀, ó ní èdè wo ni mo fẹ́, àṣé èdè ìbílẹ̀ wa wà níbẹ̀! Mo tẹ̀ ẹ́, ó kí mi káàbọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo sì tẹ iye owó tí mo fẹ́. Mo rò pé ọmọ agbègbè wa kan ni wọ́n fi sẹ́yìn ògiri, mo bá bi í pé ọmọ ta ni. Kò dáhùn. Mo ní bóyá ojú ń tì í, mo ní kó rọra ṣe kí òtútù má pa á níbẹ̀, mo dúpẹ́, mo kọrí sílé. Sonaí ló sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú owó mi, ó ní ẹ̀rọ náà ti yọ ọ́ síta bí ahọ́n, mi ò sì gbà á. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé. Ìgbà tí mo jókòó ni ẹ̀rín náà tán. Ògiri báńkì gbọ́ èdè mi, Fiadh ọmọ ọmọ mi kò gbọ́ ọ.

Má bínú, mi ò bá ọ jà. O ní kí n kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá Fiadh sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ náà mọ̀. Òun ni mo fi ń bá dókítà sọ̀rọ̀, òun ni mo fi ń bá àwọn oníná mànàmáná jà. Mi ò fi ṣìkẹ́ ọmọ rí. Bí mo bá fi pe Fiadh ní ọkàn mi, ṣe ló máa ń dà bíi pé mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má já iná wa.

Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọbìnrin ará ìlú ńlá á tún kún ilé yìí, àwọn tí òbí wọn ń rán wá kí wọ́n lè wá gbọ́ èdè wa lẹ́nu mi. Wọ́n á sunkún nígbà tí wọ́n bá dé, wọ́n á tún sunkún nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Orí ibùsùn rẹ ni wọ́n ń sùn. Mò ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ọmọ tèmi ń wò mí bí àjèjì.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń wọ aṣọ òtútù ṣọ́ọ̀ṣì mi de fóònù tí o rà fún mi. Mo máa ń gbé e sẹ́bàá iná, torí ojú Fiadh máa ń rí bí ojú ẹni tí òtútù mú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà á yíjú sí ọ, á ní kí ni mò ń wí, ìwọ á túmọ̀ rẹ̀ fún un, bíi pé a wà nílé ẹjọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o kò sí níbẹ̀. Mò ń gbọ́ ariwo omi, mo mọ̀ pé ò ń wẹ̀. Fiadh nìkan ló gbé fóònù, imú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. À ń wo ara wa. Kò sí ògbufọ̀. Mo bá sáré mú adìyẹ pupa lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e sójú fóònù, mo ní cearc. Adìyẹ pariwo, ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní cearc. Nuala, ó pè é bí ìyá bàbá rẹ ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́! Mo gbé ife, ó pè é. Mo gbé ológbò, ó pè é. Bàbá rẹ ń sùn lórí àga, mo kọjú fóònù sí i, mo ní ọ̀lẹ, Fiadh fi gbogbo ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá rẹ ta jí, ó ní ta ló ń pe òun lọ́lẹ lédè tó dán báyìí.

Ni Fiadh náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan tirẹ̀. Ó gbé bàtà, mo ní bróg. Ó gbé ìbọ̀sẹ̀. Ó gbé nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń tanná wìnìwìnì, tí mi ò rí irú rẹ̀ láyé mi. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, mo bá pè é ní ọ̀pọ̀lọ́ iwin. Bí o bá gbọ́ tó ń pe nǹkan kan bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fà á.

Lẹ́yìn náà, kò gbé nǹkan kan mọ́. Ó na ìka sí mi. Ìka náà bo gbogbo ojú fóònù, ọmọ náà sì ń retí. Ó mọ ohun tí ẹ ń pè mí ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn kọ́ ló ń bi mí. Mo la ẹnu. Ìgbà yẹn lo wọlé, mo gbọ́ tí o ní fóònù kì í ṣe ohun ìṣeré, o sì pa á. Mo la ẹnu sílẹ̀ níbẹ̀ títí bàbá rẹ fi ní ṣé eyín ló ń dùn mí ni.

Owó kan ṣoṣo tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni owó ọkọ̀ ojú irin Fiadh, nígbà ìsinmi Àjíǹde, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó dé. Ìwọ náà tẹ̀ lé e wá bí iṣẹ́ bá fún ọ láyè. Bàbá rẹ á wá pàdé yín ní Galway, ó ti ń fá irùngbọ̀n sílẹ̀ dè yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé yín pa rọ́rọ́, kí ìrìn yín já sí ọ̀nà ilé, kí o dàgbà kí o rí ọmọ ọmọ tìrẹ, kí ẹ sì gbọ́ ara yín yé.

Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù lo lè máa kọ́ ọ kí ẹ tó dé. Èyí tó na ìka sí yẹn, jọ̀ọ́, má sọ ọ́ fún un. Fi í sílẹ̀ fún mi.

Ìyá rẹ,
Baibín