Bí Mo Ṣe Ṣubú Padà Sórí Yìnyín

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Kase,
Viljandi,
Estonia.
10 Oṣù Kẹta, 2019.

Tuuli, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Jarkko ọkọ rẹ ńkọ́? Silja ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọmọ náà sílẹ̀? Òtútù Turku kò ní borí yín o. Ara tèmi le. Orúnkún mi nìkan ló ṣì máa ń rán mi létí pé mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún sáré orí yìnyín.

O rántí pé láti ìgbà tí mo ṣubú níbi ìdíje Yúróòpù, tí mo ṣe ipò kẹrìnlélógún, mo búra pé n kò ní wọ bàtà onírin orí yìnyín mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Màmá Helve, olùkọ́ wa, ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí, wọ́n sì ní kó lọ sinmi. Bí a kò bá rí ẹni gba ipò rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á tú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní eré yìnyín ká. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n gbà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù yìí ni wọ́n ṣe àṣeyẹ ìdágbére fún un. Mo ní kí n torí tirẹ̀ wọ bàtà náà, kí n ṣáà yí orí yìnyín po lẹ́ẹ̀kan, kí n kí i, kí n máa lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ Estonia lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó ṣojú wa ní Yúróòpù. Orí mi wú. Mo na ọwọ́ bí ayaba, mo gbẹ́sẹ̀ lé yìnyín, gbì! Ìdí mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. N kò yọ ike tí a fi ń bo irin abẹ́ bàtà! Èmi tí wọ́n ń kì!

O mọ àwọn èèyàn wa, wọn kì í fi ẹni rẹ́rìn-ín lójúkojú. Àfi Roosi, ọmọ ọdún méje kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló figbe ta: "Kíríńgẹ́lì! Kíríńgẹ́lì!" Ni àwọn ọmọ yòókù bá gbè é. Òfin àtijọ́ wa ṣì wà níbẹ̀, Tuuli: ẹni tó bá gbé ike wọ orí yìnyín gbọ́dọ̀ gbé kíríńgẹ́lì, búrẹ́dì dídùn yẹn, wá fún gbogbo ẹgbẹ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, yóò sì bá wọn sáré kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ̀yìn tì, òfin yẹn ò mú mi mọ́."

Roosi ní, "Àǹtí, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kì í wá fìdí jókòó sórí yìnyín wa o!"

Màmá Helve kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kó o jẹ́ kí bọ́tà ẹ̀ pọ̀ o. Èyí tó o gbé wá nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ṣe ló gan bí igi."

Àná ni Sátidé náà pé. Mo gbé kíríńgẹ́lì méjì dání lọ. Mo bá àwọn ọmọ sáré, mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo dìde, kò sẹ́ni tó kà á sí. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n a wá Màmá Helve títí, a kò rí i. Mo pè é lórí fóònù, mo bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá ni kò fi wá.

Ó ní, "Ara mi le koko. Kí ni kí n wá ṣe? Ṣé olùkọ́ wọn ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo pa fóònù, mo kọjú sí àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n tò.

Bá mi kí Jarkko àti ìyá rẹ̀, kí o sì gbá Silja mọ́ra fún mi.

Tìrẹ ni mí lọ́jọ́ gbogbo,
Leelo.