Ẹ Má Fi Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ọjọ́ Sátidé Dá Wasiu Lẹ́jọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Àsàlámù àlékúmù. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá mi, mo kí Mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé wa, mo sì kí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ń pè mí ní ọkọ àwọn.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí wà ní gbangba. Gbangba ni ẹ̀yin náà ti sọ tiyín. Ìyá sọ fún mi pé iwájú Mọ́gàjí ni ẹ ti sọ pé bí kọ́lẹ́ẹ̀jì Wasiu bá fìdí rẹmi lọ́wọ́ yunifásítì ńlá yẹn lọ́jọ́ Sátidé, kí àbúrò mi pa bọ́ọ̀lù tì, kí ó wá jókòó ti abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ aránṣọ yín. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níwájú Mọ́gàjí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi fóònù bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, kí wọ́n lè kà á sókè fún gbogbo agbo ilé.

Ara mi le, ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni à ń fọ̀ ní ìlú òyìnbó níbí. Ẹ̀rọ ń gbóná nínú ilé, òtútù ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Nínú òkùnkùn ni mo ń jáde láàárọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí n tó ṣíwọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn kí n má baà san owó bọ́ọ̀sì. Ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ ni mo fi ń ra déètà tí mo fi ń gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń se ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bá mi jẹ ẹ́.

Ẹ mọ̀ pé n kì í fi ìrètí ṣe ìṣirò. Wasiu pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n bá òun ṣírò bóyá àwọn lè borí. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n ti pàdé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni àwọn ti yunifásítì nà wọ́n. Kóòṣì àwọn ti yunifásítì kò ní iṣẹ́ mìíràn, wọ́n ní bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n ní ẹni tí ń fi yìnyín tẹ ẹsẹ̀ fún wọn. Ní ti Wasiu, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò náà ni kóòṣì wọn, ọ̀kadà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń gùn lọ sí pápá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé nínú ìpàdé tó kẹ́yìn, gólì kan péré ni wọ́n gbá wọlé wọn, pẹnáritì sì ni, nítorí Wasiu tó ń ṣọ́lé mú gbogbo ìyókù. Mo wí fún un pé bí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n lè borí lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Àǹtí oníṣirò, aláta Ọjà'ba gan-an máa ń fi ènì sí i, ṣé n kò lè fi ẹyọ kan ṣe ènì fún òun ni. Mo ní ènì kò sí nínú bọ́ọ̀lù. Ó ní kò burú.

Obìnrin kan tí a jọ ń ká aṣọ níbi iṣẹ́, ọmọ ìlú yìí ni, ní kí n má fòyà, pé lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ kéékèèké ń na àwọn ńlá ní ìlú àwọn. Mo bi í pé mélòó ni àwọn tí wọ́n gbìyànjú tí wọn kò lè nà wọ́n. Ó wò mí tìka-tẹ̀gbin, ó ní irú mi kọ́ ni wọ́n ń mú lọ wo bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni.

Bàbá mi, ẹ̀yin náà ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ẹ mọ ìṣirò yìí. Ẹni tó bá ní kí ọmọ mú ẹyọ kan nínú mẹ́wàá ti dá ẹjọ́ tán kí ọmọ náà tó dé pápá. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú. Yóò sunkún, yóò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó rò pé ọwọ́ òun ló fà á. Aṣọ́lé ni. Bí gólì kan bá kọjá rẹ̀, nígbàkigbà tó bá ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ yín, àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni yóò máa wò.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í kó ọ̀rọ̀ yín jẹ, n kò sì ní kí ẹ padà lọ bá Mọ́gàjí. Ohun tí mo ń tọrọ kéré sí i. Ẹ̀yin kì í kọjá lára ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà ní Mápó láìkí i kú iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọdé, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Láti ìgbà tí Wasiu ti ń fò mú bọ́ọ̀lù, ẹ kò tíì kí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti fi owó mọ́tò yín ránṣẹ́ sí Ìyá, àlọ àti àbọ̀. Ẹ lọ sí pápá. Ẹ jókòó títí wọn yóò fi fọn fèrè ìparí. Bí wọ́n gbá ẹyọ kan wọlé rẹ̀, bí wọ́n gbá mẹ́fà, ẹ lọ bá a nídìí òpó gólì, ẹ kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ó wá sí ìsọ̀, ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ jọ máa bọ̀ nílé. N kò ní sọ nǹkan kan mọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ojú yín máa rí ihò abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ alẹ́. Á fún Ìyá ní àlàáfíà ẹsẹ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú agbo ilé. Ẹ sọ fún Wasiu pé kí ó jẹun kó tó jáde.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù