Ìdí Tí N Kò Fi Jókòó Níwájú Adájọ́

Oko Tíì Strathmorna,
Ìlà Kẹta, lẹ́bàá Hatton.
Ọjọ́ Ajé.

Thilaga ọmọ mi, ìyá mi tó di agbẹjọ́rò,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, màlúù wa tó bímọ lọ́jọ́ Ẹtì náà kí ọ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé ooru Colombo kò tíì yọ́ ọ bí òróró àgbọn? Mariamman, Ìyá wa tó wà ní tẹ́ńpìlì òkè, yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, ọ̀rọ̀ kò sì ní wọ́n ọ lẹ́nu nílé ẹjọ́ láéláé.

Àlàáfíà la wà. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, eṣúṣú sì pọ̀ lóko débi pé ìyá rẹ ń fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀ kó tó lọ bu omi. Owó oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti dé báńkì, àmọ́ kò tíì dé ọwọ́ wa. Ọmọbìnrin báńkì fún mi ní káàdì kan àti nọ́ńbà mẹ́rin, ó sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyàwó mi. Mo dé ìdí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni nọ́ńbà yẹn gan-an. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwọ ẹ̀rọ yìí, padà lọ sọ fún ẹni tó rán ọ pé Rengasamy kì í ṣe ọmọdé. Mo kó káàdì mi, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, àṣírí kò sì tú.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí ẹjọ́ Pakiyam ti wáyé nínú fóònù, o kò sì pè wá láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé inú ló ń bí ọ. Fóònù yẹn kò sì kúrò lójú kan o. Lọ́jọ́ tí adájọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni mo ti pa á, mo fi aṣọ mímọ́ wé e, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mariamman, torí ohun tí adájọ́ ti fara hàn nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn á tún máa fi béèrè iye tí wọ́n ń ta ata. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó, kò dún rárá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Ìwọ, inú fèrèsé kékeré ojú fóònù lo ti ń wò wá, o kò lè mọ bó ṣe rí nínú yàrá. Pakiyam aládùúgbò wa ti já ewé tíì fún wọn fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Eṣúṣú bù ú jẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu, ó lọ sí ọ́fíìsì lọ gba ìwé oògùn, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ló bá jókòó sórí àga níwájú Dorai, mánéjà wa. Òṣìṣẹ́ kankan kò dán irú rẹ̀ wò rí. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé dé pé Pakiyam sá lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti lé e. O sì mọ òfin ibí: ẹni tí kò bá níṣẹ́ lóko kò ní yàrá nínú ìlà ilé òṣìṣẹ́. Inú yàrá yẹn ló bí ọmọ mẹ́ta sí, ibẹ̀ lọkọ rẹ̀ kú sí. Tí wọ́n bá lé e jáde, abẹ́ igi ló kù.

Nítorí náà, nígbà tí o ní kí n wá jẹ́rìí, mo múra. Mo kọ fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí tí o fi ránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé ti àwọn ará ọ́fíìsì nìkan ni. Àánú wọn ṣe mí pé ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan kan sí wọn, mo bá kọ àdúrà sí i, mo tún béèrè ọmọ wọn. Ìyá rẹ fi fóònù ti àgbọn tó wà lórí àpótí, mo to ewé bẹ́tẹ́lì sórí àwo síwájú rẹ̀ bí a ti í ṣe fún àlejò pàtàkì, mo fi eérú mímọ́ kùn níwájú orí, mo bọ́ bàtà. Gbogbo ìyẹn dáa.

Àfi bí mo ṣe wojú fóònù tí mo rí Dorai. Ó wà ní fèrèsé òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú táì. Thilaga, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ìnura tó wà léjìká mi, ọwọ́ mi ti fà á wálẹ̀, ó ti so ó mọ́ ìbàdí.

Agbẹjọ́rò wọn, ọkùnrin onírun dídán yẹn, ń sọ fún adájọ́ pé irọ́ gbáà ni pé òṣìṣẹ́ kì í jókòó níwájú mánéjà ní Strathmorna, pé àga méjìlá wà ní ọ́fíìsì fún wọn, ó sì gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún sókè. O dá a lóhùn jẹ́jẹ́. O ní ẹ ṣé o, ọ̀gá, mo mọ fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa, èmi ni mo fi òǹtẹ̀ lù ú fún ọdún méje nílé iṣẹ́ ìjọba, a kàn máa ń lù ú ni, kò sẹ́ni tó lọ ka àga rí. Orí mi wú. Nígbà tí o fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì níwájú, pé o fẹ́ máa gbèjà àwọn tí ọ̀gá lé, ọjọ́ méjì ni n kò fi jẹun, mo ní ta ló ń ṣe ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ńṣe lo fi ọdún méje yẹn lọ wo ibi tí wọ́n ń kó irọ́ pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà lo wá kọjú sí mi, o ní Appa, bàbá mi, ẹ jókòó ká lè rí ojú yín.

Orúnkún mi kò gbà. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ní kí bàbá jókòó. Mo ní olúwa mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn báyìí. O tún sọ ọ́. O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ara Dorai wá gbóná, ó jágbe pé Rengasamy, jókòó jàre! Ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá, mo nà ró ṣánṣán, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Agbẹjọ́rò wọn ní bàbá agbẹjọ́rò yìí ni, wọ́n kọ́ ọ ni. Adájọ́ ní ó dáa, kí ni ìnura ń wá ní ìbàdí bàbá yìí? Mo sọ òtítọ́. Mo ní olúwa mi, èjìká ló ń gbé, tí mánéjà bá ti yọ, á sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ mi, bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ. Adájọ́ kọ̀wé títí.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ikùn mi nìkan ni adájọ́ rí, pé ikùn kì í jẹ́rìí. Pakiyam kò bá mi jà, àmọ́ ó ti ń di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ láti inú ògiri. Bí mo bá ba ẹjọ́ yìí jẹ́ nítorí orúnkún, n kò mọ ojú tí màá fi wò ó. Dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀.

Mo ti fẹ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí Nadarajah tó ń pín lẹ́tà yọ lókè, tó ń sáré nínú òjò, agboorùn rẹ̀ ti yí padà. Ó dúró láàárín ìlà, ó ka ìwé adájọ́ sókè: Pakiyam padà sẹ́nu iṣẹ́, yàrá rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, kí mánéjà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un níwèé, kí àwọn méjèèjì wà lórí àga. Pakiyam kò pariwo. Ó wọlé, ó tú ẹrù, ó gbé agbada tó fi ń yan búrẹ́dì rótì kaná, ó wá jókòó síwájú ilé, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́.

Lánàá mo bá a lọ sí ọ́fíìsì. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a: àga méjìlá wà níbẹ̀ lóòótọ́, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Pakiyam jókòó, ọ̀rá náà dún pàràpàrà. Dorai fún un níwèé. Ó wò mí, ó ní Rengasamy, jókòó. Thilaga, mo gbìyànjú, n kò lè ṣe é. Àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kan èjìká mi, ìnura wà níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá mo gbàgbé rẹ̀ ni, àbí òun ló kọ̀.

Lọ́nà ilé, Pakiyam bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín mọ̀ pé ẹ kò ní jókòó. Mo dúró gbagidi. Mo wá rántí ìgbà tí o jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí o bẹ oko yìí wò, tí ẹnikẹ́ni kò lè lanu, o sọ fún mi nídìí ààrò pé Appa, ìwé máa ń purọ́, orúnkún kì í purọ́. Ìwọ ọmọ yìí! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo ní kí n jókòó, o kò fẹ́ kí n jókòó rárá! Inú kọ́kọ́ bí mi, mo wá rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ fi ní kí n lọ wo dókítà. Mo fi ọ́ yangàn. Mo gba gbogbo ohun tí mo sọ nígbà tí o fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ padà.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Fi owó àga kan ránṣẹ́, èyí tó ní ọwọ́ méjèèjì bíi ti ọ́fíìsì. Fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì Hatton, má fi sí báńkì, ẹ̀rọ yẹn yóò tún bi mí ní ìbéèrè. Iwájú ilé ni màá gbé e sí. Jíìpù Dorai ń kọjá ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, mo fẹ́ máa fi kọ́ orúnkún mi, díẹ̀díẹ̀. Tí o bá wálé lọ́dún Pongal, wàá ṣe Dorai fún mi, màá jókòó, kí a wò ó.

Ìyá Mariamman kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀. Wàá bímọ, ọmọ rẹ yóò bímọ, àwọn ọmọ náà yóò sì rí ìnura bàbá àgbà wọn, wọn yóò rò pé òógùn nìkan la fi ń nù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rengasamy.