Ibùdó Létí Odò fún Ẹ̀jẹ́ Màmá

                                                            Apartment 214,
                                                            Fondren Road,
                                                            Houston, Texas.
                                                            Ọjọ́ Ajé, 24 Júùnù, 1985.

Shakirat, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Alhaji ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbíkẹ́yìn ti gbà láti máa lọ sílé-ìwé láìsunkún? Ìyá ọkọ rẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn dáadáa? Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo rí àwọn Mùsùlùmí ibí tí wọ́n múra lọ kírun, ìwọ àti ẹran ọdún rẹ ni mo rántí. Ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé.

Ara èmi náà le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ mi láti oṣù Épírì. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó máa ka ìyókù. Màmá mi fúnra wọn ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní Iléṣà, nítorí ọjọ́ Ẹtì yìí ni wọ́n ń wọ bàálù padà sílé. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pinpin, nítorí ẹjọ́ wọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó tì ọ́ nígbà tí o bá ń kà á, jọ̀wọ́ má rẹ́rìn-ín sókè.

O rántí gbogbo ohun tí ojú mi rí kí n tó bí Mojọlá. Oyún ń wá, oyún ń lọ, títí mo fi sú ara mi. Nígbà náà ni Màmá kọ̀wé sí mi pé àwọn ti lọ jẹ́ ẹ̀jẹ́ létí odò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá fún mi lọ́mọ, tí ọmọ náà sì pé ọdún mẹ́ta, àwọn yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ odò tó ń ṣàn, àwọn yóò sì dúpẹ́ níbẹ̀ fúnra àwọn. Mojọlá pé ọdún mẹ́ta ní oṣù Máàṣì. Ní Épírì, Màmá dé. Wọn kò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ń béèrè pé odò dà.

O lè máa rò pé odò kì í ṣe ohun tó ṣòroó rí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Kúnlé ọkọ mi kọ́kọ́ mú wọn lọ sí Brays Bayou tí kò jìnnà sílé wa. Màmá wo kọnkéré tí wọ́n fi tẹ́ etí omi náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní gọ́tà ni. Lọ́sẹ̀ kejì a lọ sí Galveston. Wọ́n ní òkun nìyẹn, òkun kì í ṣe odò, odò ni àwọn fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Kí ni n bá sọ? Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gé kúrú nítorí pé ọ̀nà jìn.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wá sọ fún mi pé ìlú kékeré kan wà létí odò Guadalupe, bíi wákàtí mẹ́ta sí ọ̀dọ̀ wa, pé omi ibẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ibùdó pọ̀ níbẹ̀ tí àwọn òyìnbó máa ń lọ pàgọ́ sí nígbà ìsinmi. Shakirat, wọ́n ń sanwó kí wọ́n lè sùn sínú igbó. Àwọn tó nílé o! Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ pàgọ́, wọ́n á wa mọ́tò gígùn kan lọ síbẹ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. RV ni wọ́n ń pè é. Anthony, ẹni tí òun àti Kúnlé jọ ń ṣiṣẹ́, ní ọ̀kan, ó sì ní òun á yá wa lò. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn kan ọwọ́ ọkọ mi ni ọkọ mi ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó kọ̀wé gba ìwé pélébé pélébé láti oríṣiríṣi ibùdó, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì tí a fi ń jẹun, ó ń fi bírò pupa sàmì sí wọn. Kò wá odò o. Ibi tí wọ́n á ti fa wáyà iná sínú mọ́tò ló ń wá, tí wọ́n á fi rọ́bà kan fa omi sí i, tí wọ́n á sì fi òmíràn fa ìdọ̀tí jáde. Ó wá mú ibì kan tó ní gbogbo rẹ̀, tó tún ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ onísìmẹ́ńtì àti wáyà tẹlifíṣọ̀n. Mo bi í pé odò Màmá ńkọ́. Ó ní, “Níkẹ́, wò ó, they wrote it here, river view. Kí lo tún fẹ́?”

Oṣù Méè la lọ wo ibẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń wo odò níbẹ̀. Èèyàn á gun àtẹ̀gùn pákó kan, á yọjú lórí ògiri wáyà, á sì rí odò nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Màmá gun àtẹ̀gùn náà, wọ́n wò ó, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bi Kúnlé jẹ́jẹ́ pé, “Ọkọ ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ ọmọ ni mo ní n ó fi tẹ odò, àbí ojú rẹ̀?” Kúnlé kò gbọ́n, ó mú wọn lọ síbi omi onísìmẹ́ńtì. Wọ́n kàn tún gèlè wọn wé ni, wọ́n padà sínú mọ́tò. Inú mọ́tò náà la ti jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo fi òru ọjọ́ kan sè. Títí a fi dé ìlú Columbus lójú ọ̀nà ilé ni Kúnlé ṣì ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rọ́bà àti wáyà fún mi.

Èmi náà bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibùdó kejì tí mo yàn wà létí odò gan-an, koríko tútù, igi ńláńlá, àtẹ̀gùn òkúta tó wọ inú omi lọ. Màmá tẹ ọwọ́ bọ omi náà, wọ́n fi pa ojú, wọ́n ní èyí dára. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ sí ọ́fíìsì wọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen ló wà lójú fèrèsé, ó na fọ́ọ̀mù sí mi: àgbà mélòó, ọmọdé mélòó, nítorí ẹni mẹ́fà péré ni wọ́n ń gbà sí ojú àgọ́ kan. Mo yíjú sí mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn èèyàn mi. Ìka mi ni Màmá rí.

“Ọmọ́níkẹ́! Ta lò ń fi ìka kà bí ẹran?”

Mo ṣàlàyé pé wọ́n fẹ́ mọ iye wa ni. Wọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, kí n sọ fún un pé a pọ̀, Ọlọ́run yóò sì máa fi kún wa. Mo sọ fún Helen pé a pọ̀. Helen ní, pọ̀ tó mélòó? Bí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yẹn ni ojú Màmá lọ sórí fọ́ọ̀mù. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ nọ́ńbà dáadáa. Wọ́n rí i pé mo ti kọ ọ̀kan síbi tí wọ́n ní kí n kọ ọmọ sí. Wọ́n ní, “Ọ̀kan? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú wa rí, ọ̀kan lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ sílẹ̀ fún wọn?” Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pa á rẹ́ kanlẹ̀ títí ìwé náà fi ya. Helen gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà, ó ní àwọn kò lè gba èèyàn tí kò mọ iye ara rẹ̀. Ó pa fèrèsé dé.

Inú bí mi, n kò ní parọ́ fún ọ. Ibi tó dára jù ní gbogbo Texas, wọ́n fi bírò bà á jẹ́! Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Èmi náà ti rántí àwọn oyún tó lọ nígbà tí mo ń kọ ọ̀kan yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé-ìwé ti gba ìsinmi, gbogbo ibùdó kún. Bí mo bá gba ìsinmi oúnjẹ níbi iṣẹ́, ìdí fóònù ni mo ń wà. Ibì kan ní ó di Ọ́gọ́ọ̀sì. Ibì kan ní àwọn kì í gba ẹgbẹ́. Bàbá kan tilẹ̀ ti gbà, ohùn rẹ̀ dùn, títí mo fi sọ pé a máa wọ aṣọ funfun, a ó sì lu agogo àdúrà. Ló bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ibùdó òun ti kún. Kúnlé wá dá a lábàá pé kí Màmá mú fọ́tò Mojọlá lọ sí odò Iléṣà. Wọ́n bi í pé ṣé fọ́tò ni ìyàwó rẹ̀ bí.

Ọjọ́ ìpadàlọ Màmá kò ṣeé yí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá padà sílé láìsan ẹ̀jẹ́, àwọn kò ní lójú láti kọjá létí odò yẹn mọ́ láyé. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbẹ, tí wọ́n ń mu omi nìkan níwájú ìrẹsì tí mo sè. Ìbínú mi di ẹ̀rù.

Veronica, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní bàbá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Francis, tó ní ilẹ̀ létí odò náà, tó ń jẹ́ kí àwọn onímọ́tò bíi mélòó kan dúró lábẹ́ igi rẹ̀. Kò ní ìwé pélébé, kò ní wáyà, kò ní tẹlifíṣọ̀n. Lórí fóònù, ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni bóyá a máa mú ajá wá. Kò béèrè iye wa, èmi náà kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí la lọ. Èmi sọ fún Àpọ́sítélì Mákánjúọlá, olórí ìjọ wa ní Stafford, pé kí òun àti àgbà méjì bá wa lọ. Ta ló lè sọ fún Aládùúrà pé kó má wá síbi ọpẹ́? Bí a ti ń yà wọ oko Francis ni mo bojú wẹ̀yìn: mọ́tò láti Pearland, mọ́tò láti Stafford, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kúlà oúnjẹ, àwọn ìyá ìjọ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo rí Francis tó ń bọ̀, mo sì ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ sẹ́nu. Bàbá náà ṣí fìlà, ó kí Màmá ná, kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí ibi tí odò kò ti jìn, ó ní kí a má kó ìgò sétí omi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àpọ́sítélì lu agogo. Ibi tí a ti ń kọrin ni àwọn òyìnbó kan ti ń bọ̀ lójú omi, wọ́n jókòó sínú rọ́bà táyà lọ́ríì tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, wọ́n mú agolo bíà lọ́wọ́, odò ń gbé wọn lọ. Ọ̀kan gbé agolo rẹ̀ sókè, ó kígbe “Halleluyah!” Àpọ́sítélì sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀méje, kò yẹ ẹyọ kan. Mojọlá figbe ta, “Grandma, it's cold!”, ṣùgbọ́n Màmá kò dá a padà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì kúnlẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn pẹ̀lú eékún tó ń dùn wọ́n.

Nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun, èmi àti Màmá jókòó sórí òkúta, mo ń bá wọn fún aṣọ wọn. Ìkanra ṣì wà lára mi. Mo ní, ó tán, ẹ ti san án, ẹ jẹ́ kí n sinmi wàyí. Wọ́n ní ìdajì rẹ̀ ni mo rí. Mo bi wọ́n pé ìdajì wo ló tún kù. Wọn kò wo ojú mi.

“Mo sọ fún Ọlọ́run létí odò wa pé bí Ó bá lè fún ọ lọ́mọ níbi tí o wà yẹn, n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu kí o wálé mọ́. Ibi tó bá ti ṣe ọ́ lóore ni kí o jókòó sí.”

Shakirat, láti ìgbà tí mo ti lóyún ọmọ yìí, wọn kò bi mí rí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sí lẹ́tà wọn tí kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, mo rò pé àìsí nílé mi ti mọ́ wọn lára ni. Ó dùn mí, mo sì di í sínú, ọdún mẹ́rin gbáko. Aṣọ wọn ni mo kàn ń fún lórí òkúta yẹn, ó ti gbẹ tán, mo ṣì ń fún un.

Kúnlé kí ọ. Ó ti dá mọ́tò Anthony padà, ojú rẹ̀ ṣì fà ro. Mojọlá ní kí n kí ọ. Bá mi kí Alhaji, kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì fi ẹnu kan gbogbo àwọn ọmọ lórí fún mi. Mo fi aṣọ méjì àti bàtà ránṣẹ́ sí ọ sínú báàgì Màmá.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. Má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìyà lọ́dọ̀ wọn, ilé yẹn ti tóbi jù fún wọn. Bí ẹ bá jókòó tán, bá mi bẹ̀ wọ́n. Èmi kò lè bẹ̀ wọ́n fúnra mi, omijé kò ní jẹ́. Sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti gba ẹ̀jẹ́ náà, kò ní bínú. Kí wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan péré, nínú lẹ́tà kan péré, pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Ọmọ́níkẹ́