Ẹsẹ Kẹrin Tí Bàbá Rẹ Ń Fò

Àkọ́bí mi,

Ara mi le, oúnjẹ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí náà má wá mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ. O ní ta ni yóò máa ka Bíbélì fún mi báyìí tí bàbá rẹ ti lọ. Èmi náà ni. Mo fi jígí rẹ̀ sójú, mo ń fi ìka tọ Sáàmù kẹtàlélógún bí ìgbín.

Látìgbà tí àìsàn ti gbé e dè ló ti ń fo ẹsẹ kẹrin tó bá ń kà á fún mi, ẹsẹ àfonífojì ikú. Mo mọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró sídìí ẹsẹ náà. Kì í ṣe pé lẹ́tà ibẹ̀ le. Lónìí, mo kà á já. Ibẹ̀ gan-an ni Olúwa ti wà pẹ̀lú ẹni. Bàbá rẹ ì bá má fò ó.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ọ̀la ni ẹsẹ karùn-ún.

Ìyá rẹ olórí kunkun.