Àáró Tí Wọ́n Fẹ́ Gé Kúrò Nínú Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ

Ilé Bàbá Olúfúnṣọ́,
Ẹ̀yìn Ọjà, Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 1985.

Adédoyin, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ọlámidé ńkọ́? Ọlámidé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ẹ̀yìn rẹ ló ṣì fi ṣe ilé? Mo gbọ́ pé ìjì ṣí páànù ilé yín ní Òkìtìpupa. Ẹ kú òfò o, Ọlọ́run á fi ra ẹ̀mí. Ní tiwa, ara le. Owó oṣù kò tíì dé, wàrà sì ti di ohun tí a ń fojú rí lásán ní Ore, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà. O ní kí n lọ bẹ Ọ̀gá Olúwadáre kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. N kò ní bẹ̀ ẹ́. Mo yára jókòó kọ èyí kí inú tó ń bí mi má baà rọ̀ kí n tó parí rẹ̀.

Ìwọ náà wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ wa ń kọ òdiwọ̀n ẹ̀kọ́ Sóṣà Sítọ́dì, ohun tí gbogbo ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìpínlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí tábìlì ni o ń wò. Alága wa, Ọ̀gá Olúwadáre, kọ ọ́ pé ojúṣe ọmọ ìlú ni kí ó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, ó sì fi àmì ìdánudúró sí i. Mo ní kí a fi èyí tẹ̀ lé e: pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé àáró, àti ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe sí ẹni tí wọ́n ti bá ro oko tirẹ̀, tó wá kọ̀ láti ro ti ẹlòmíì.

Ó bi mí pé ta ni mò ń bá wí, ṣé ìjọba náà ń ro oko ni. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ẹni tí yóò kín mi lẹ́yìn, gbogbo yín dákẹ́. Ó ní bí kò bá tíì sí ẹnì kankan nígbà tí a bá tún jókòó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, òun yóò gé e dànù, orúkọ mi yóò sì dé iwájú àwọn sójà.

Ṣé o mọ ibi tí mo ti rí gbólóhùn yẹn? Abúlé Ajue ni. Mo kó kíláàsì mi lọ wo àáró ní oko Gàzálì, ará Ìlọrin tó ń dá oko lórí ilẹ̀ Bàbá Bándélé. Ẹgbẹ́ ti ro oko kòkó Bàbá Bándélé tán. Nígbà tó kan Gàzálì, bàbá jókòó sílé, ó ní onílẹ̀ kì í ro oko àlejò. Wọn ò bú u, wọn ò bá a jà. Gbogbo wọn kó ọkọ́ àti àdá lọ jókòó sí iwájú ilé rẹ̀. Toyibat, ìyàwó Gàzálì, gbé oúnjẹ àwọn aroko wá bá wọn níbẹ̀. Bàbá jáde, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fi òun ṣẹ̀sín ni. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ kú ilé o. Àáró la wá gbà.” Bàbá pòṣé, ó lọ mú àdá rẹ̀. Àwọn ọmọ mi pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Ìyẹn ni wọ́n ní kí n má kọ́ ọmọ! Àwọn sójà tó ń fi kóbókò to èèyàn sórí ìlà ní Ore nítorí wàrà tí kò ní kárí, àwọn ló fẹ́ sọ ohun tí ọmọ wa yóò mọ̀ fún wa. A ń san owó orí. Tó bá kan tiwọn, wọ́n á jókòó sílé.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Máyọ̀wá ọkọ mi kì í sùn dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí wọ́n bá dá mi dúró, màá lọ yan gàrí ní Ajue, màá sì máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní àáró.

Ó yá, ó kàn ọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ka àwọn olùkọ́, tí o wà lórí ìkúnlẹ̀, tí wọ́n ní orúkọ lásán ni ọ́, pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló pọn Ọlámidé dé Àkúrẹ́ pẹ̀lú rẹ, tó ní kí wọ́n wò ó bóyá orúkọ lásán ló ń sunkún? N kò bèèrè ọpẹ́. Ohùn kan péré ni mo fẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ìwọ tí a ń pè ní Rédíò nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Bá mi kí Bàbá Ọlámidé àti ìyá rẹ. Máyọ̀wá kí yín. Mo ti ro oko tìrẹ, Adédoyin.

Èmi ni, ẹni tó jókòó sí iwájú ilé rẹ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́,

Fadékẹ́.