Ẹ Pe Moyọ̀sọ́lá Fúnra Yín

Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́dúndé,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san, wọ́n ti ń dá rìn dé ẹnu géètì. Òjò ò jẹ́ ká rí aṣọ sá ní Bàrígà.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín gidi. Nígbà tí wọ́n gba ọlidé, ẹ pe Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi tó ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ ní, "Ìsinmi dé, fi oògùn yẹn sílẹ̀. Kí lo tún ń bá dókítà sọ?" Ọmọ gbọ́ tiyín. Ó pa oògùn tì, kò lọ rí dókítà mọ́, kò bá mi rìn láàárọ̀ mọ́. Oorun dá lójú ẹ̀. Ní Sátidé, obìnrin ẹlẹ́ja kan ló fà á kúrò létí ọ̀sà, tó mú un wálé. Moyọ̀sọ́lá ní, "Mọ́mì, ọkàn mi ò dákẹ́."

Ṣé àìsàn mọ ọlidé ni?

Ó ti padà sídìí oògùn báyìí, àmọ́ ó ń lò ó ní kọ̀rọ̀, kí ẹ má baà gbọ́. Ẹ pè é lónìí. Ẹnu tí ẹ fi tú u ni kí ẹ fi dì í.

Kí Ọlọ́run gba àwọn ọmọ tiyín lọ́wọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín,
Oyèbísí